Ẹrẹ̀ inú gọ́tà: bí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan ṣe bàjẹ́ lórí òkè etíkun, àti bí a ṣe tún un là

Gọ́tà ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ mi ní ìlú etíkun kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni títọ́jú gọ́tà àti ojú omi abẹ́ títì, mo sì ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ tó láti mọ̀ pé gọ́tà kan kì í ṣàdédé dí lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìgbà òtútù ọdún 2020 wọ 2021 ni. Títì tóóró kan wà tó sọ̀kalẹ̀ láti ẹsẹ̀ igbó, tó gba ẹ̀yìnkùlé àwọn ènìyàn kọjá kó tó kan èbúté. Nígbà àkọ́kọ́ tí a ṣí ìdérí gọ́tà náà, ẹrẹ̀ tí a bá nínú rẹ̀ pọ́n, ó ń fà bí amọ̀ ìkòkò, wẹ́wẹ́ òkúta síléètì sì wà nínú rẹ̀. Ewé ló máa ń dí gọ́tà lásìkò yẹn. Èyí kì í ṣe ewé. Ilẹ̀ orí òkè ló ń ṣí wá bá wa nísàlẹ̀.

Nígbà kẹta, mo ní kí ẹnìkejì mi dúró ti ọkọ̀, mo wọ bàtà rọ́bà, mo sì tọ ipa ẹrẹ̀ náà gun òkè lọ. Kò pẹ́ tí mo fi rí i. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ti là láàárín igi, láti orí òkè tààrà dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ta okùn. Ọ̀kan ti jìn dé orúnkún mi. Gbòǹgbò igi óákù ti yọ síta, èèpo rẹ̀ ti bó, ó ń dán nínú òjò. Nísàlẹ̀ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, wọ́n mọ òkìtì erùpẹ̀ tí wọ́n fi ń fò sókè, méjì nínú wọn ga jù mí lọ. Ipa táyà wà níbi gbogbo, táyà fífẹ̀ eléyín ńláńlá, ti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún orí òkè. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí òkun láàárín igi, mo rí ọkọ̀ ojú omi ní èbúté, mo rí òrùlé àwọn ilé tí gọ́tà wọn ń dí. Ojú ẹsẹ̀ ló yé mi ìdí tí ọ̀dọ́ fi lè máa gun ibẹ̀ lójoojúmọ́.

N kò ní dárúkọ ìlú náà, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí ọmọdé ni púpọ̀ nínú wọn nígbà náà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí, fún òṣìṣẹ́ káńsù, fún onílẹ̀, fún ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ àti fún òbí tí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ bá já lé lọ́wọ́.

Kónílé-ó-gbélé ìgbà àrùn Kòrónà ló bí àwọn ọ̀nà náà. Ilé ẹ̀kọ́ tì, pápá ìṣeré tì, àwọn ọmọ tó wà láàárín ọdún 13 sí 17 gbé ṣọ́bìrì bàbá wọn, wọ́n wọ igbó. Ìlú wa nìkan kọ́. Káàkiri Bìrìtéènì ni irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ti hù lọ́dún yẹn. Igbó tiwa sì ní wàhálà tirẹ̀. Káńsù ló ni apá ìsàlẹ̀, àgbẹ̀ kan ló ni apá òkè, kò sì sí ọgbà láàárín wọn. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo ló gba inú rẹ̀ kọjá.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí òfin wí, torí òun ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ gbé sójú. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀nà ẹlẹ́ṣin. Òfin ìgbèríko ti ọdún 1968 fún oníkẹ̀kẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti gba ọ̀nà ẹlẹ́ṣin, bó bá ṣáà ti ń yà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin. Kò fún un ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Òfin ọdún 2000 tó ṣí ọ̀pọ̀ òkè àti pápá sílẹ̀ fún aráàlú, ẹlẹ́sẹ̀ ló ṣí i fún. Ní Scotland ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: òfin ilẹ̀ ti ọdún 2003 gba oníkẹ̀kẹ́ náà láyè lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀, bó bá ti lè ṣe bí ọmọlúàbí. Nítorí náà, àwọn ọmọ wa kò ní ibì kankan nítòsí tí wọ́n lè gùn láìjẹ́ pé ẹnìkan ní ẹ̀tọ́ láti lé wọn. Èyí ṣe pàtàkì sí mi. Bí a bá sọ fún ọmọ pé kó kúrò níbì kan, ó yẹ kí a mọ ibi tí a ní kó lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí káńsù ṣe ni pé wọ́n rán katakata kékeré lọ wó òkìtì gbogbo. Wọ́n ta rìbọ́n pupa àti funfun, wọ́n gbé pátákó ìkìlọ̀ dúró. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é: obìnrin kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn ti ṣubú nígbà tí kẹ̀kẹ́ kan já lu ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lójijì, àwọn onílé sì ń kọ lẹ́tà nípa ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Òkìtì ni wọ́n wó. Wọn kò fọwọ́ kan ojú ọ̀nà tí omi ń tọ̀. Erùpẹ̀ tí àwọn ọmọ ti fi ṣọ́bìrì gbá mọ́lẹ̀ dan-in dan-in, katakata tú u sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àgbàrá. Òjò ńlá rọ̀ lọ́sẹ̀ kejì, dídí tí gọ́tà dí nígbà yẹn ló sì burú jù. A kó ẹrẹ̀ kún ọkọ̀. Àwọn ọmọ náà kò sì dáwọ́ dúró. Wọ́n gun òkè sí i, wọ́n kọjá sí ilẹ̀ àgbẹ̀, sínú apá tó dàgbà jù nínú igbó, níbi tí òdòdó bluebell ti ń bo ilẹ̀ lóṣù Kẹrin. Òdòdó yẹn kò fẹ́ ìtẹ̀mọ́lẹ̀ rárá. Bí a bá tẹ ewé rẹ̀ pa, ìdí rẹ̀ tó dà bí alùbọ́sà lábẹ́ ilẹ̀ kò ní rí oúnjẹ ọdún tó ń bọ̀ kó jọ, ó sì lè gbà á lọ́pọ̀ ọdún kó tó padà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Àgbàlagbà nìkan ló wá. Ẹlẹ́sẹ̀ bínú, ẹlẹ́ṣin bínú, bàbá kan tí ọmọ rẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ bínú jù wọ́n lọ. Kò sí ìpinnu kankan tó tibẹ̀ jáde, n kò sì ní fi ìwé ṣòfò lórí rẹ̀.

Ẹranko ló yí ọ̀rọ̀ padà. Nínú oṣù Kẹta, òṣìṣẹ́ káńsù tó mọ̀ nípa ẹ̀dá inú igbó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ wo ibi tí omi ti ń bẹ̀rẹ̀. Lápá òkè, a bá òkìtì tuntun kan, erùpẹ̀ rẹ̀ rọ̀, kò ní òkúta nínú, ó yàtọ̀ sí gbogbo ilẹ̀ tó yí i ká. Obìnrin náà dúró, kò sọ̀rọ̀. Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkè. Ihò mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ẹnu wọn fẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ga lọ, koríko gbígbẹ tí ẹ̀dá kan fà síta wà lẹ́nu ọ̀kan. Ilé badger ni, ẹranko ojú-funfun-lílà-dúdú tó ń gbẹ́ ihò ràbàtà sábẹ́ ilẹ̀, tó ń jáde lóru. Erùpẹ̀ tí badger gbẹ́ síta ni àwọn ọmọ ti ń fi garawa bù, torí pé ó rọrùn láti bù, wọ́n sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ́ dé ẹnu ihò kan. Òfin ààbò badger ti ọdún 1992 ka bíba ilé rẹ̀ jẹ́ tàbí dídí ẹnu ihò rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Bí a ṣe ń wò ó lọ́wọ́ ni ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin kan ti kẹ̀kẹ́ wọn gòkè wá. Wọn kò rí wa títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ wa. Mo retí pé obìnrin yẹn á pe ọlọ́pàá. Kò pè é. Ó ní kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n wá wo ihò náà, ó fi koríko hàn wọ́n, ó sọ fún wọn pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ wà nínú rẹ̀ lásìkò yẹn gan-an. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò lè sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló bèèrè bóyá àwọn lè dá erùpẹ̀ náà padà. Obìnrin náà ní rárá: wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun, torí ẹni tó bá ń dá erùpẹ̀ padà lè dí ẹnu ihò, ìyẹn náà sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Kí wọ́n kàn kúrò níbẹ̀ pátápátá. Wọ́n kúrò. Láti ọjọ́ yẹn, n kò tún rí ipa táyà níbẹ̀. Ohun tí katakata kò lè ṣe, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́nu ihò ṣe é.

Ibẹ̀ ni mo ti gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Mo bi àwọn ọmọ náà bóyá wọ́n ti dúró sójú ọ̀nà wọn rí nígbà tí òjò ń rọ̀, láìsí kẹ̀kẹ́ lábẹ́ wọn. Wọn kò ṣe é rí. A dá ọjọ́, ọjọ́ tí ìjì gúúsù ìwọ̀-oòrùn ń bọ̀ láti ojú òkun. Àwọn mẹ́sàn-án ló wá, nínú ẹ̀wù òjò. A bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ojú ọ̀nà ọkọ̀ agégẹdú kan wà níbẹ̀ tó ní kòtò omi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n ti gé etí kòtò náà láìmọ̀. Gbogbo omi orí òkè wá rí ẹnu ọ̀nà, ó yà síbẹ̀. A tẹ̀ lé e. Nísàlẹ̀ díẹ̀, omi náà ti ń sáré. Ní ìdajì ọ̀nà, ó ti ń yí òkúta.

Mo dàgbà sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ní Èkìtì, ìlú tí òkè yí ká, tí àgbàrá ti gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Bàbá mi kì í kọ poro tààrà láti òkè sísàlẹ̀; ó máa ń dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, kí ebè lè dá omi dúró. Mo sọ èyí fún àwọn ọmọ náà. Mo ní: ọ̀nà yín ti di gọ́tà, kẹ̀kẹ́ kọ́ ló gbẹ́ ẹ tó báyìí, omi ni, kẹ̀kẹ́ kàn ń bá a tú ilẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá wa pàdé nídìí ihò mú igi kan, ó fi dábùú ojú ọ̀nà ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Omi yà sínú igbó, ó tàn sórí ewé, ó sì rá. Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni olúkúlùkù wọn ń wá igi tirẹ̀ kiri.

Àwọn tó ń la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ níṣẹ́ ní ìlànà kan tó rọrùn: ọ̀nà kò gbọdọ̀ dagun, ìyẹn ni pé kó má dà gẹ̀rẹ́, ju ìdajì bí òkè fúnra rẹ̀ ṣe dagun lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, omi á rí i pé ojú ọ̀nà ló yá jù, á sì máa tọ̀ ọ́. Ìlànà kejì ni pé kí gbogbo ọ̀nà náà lápapọ̀ má dagun ju 10% lọ, ìyẹn ni pé kó má sọ̀kalẹ̀ ju mítà mẹ́wàá lọ nínú ọgọ́rùn-ún mítà. A ya ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìdagun, a sì gbé e fún ọmọbìnrin yẹn. Òkè náà jẹ́ nǹkan bí 30% níbi púpọ̀. Àwọn ọ̀nà àtijọ́ sì ń lọ ní 30% gẹ́lẹ́, torí tààrà ni wọ́n lọ. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀: kò sí àtúnṣe tó lè gbà wọ́n là, àfi kí a tì wọ́n, kí a la òmíràn tó ń dábùú òkè.

Ẹ̀rù ba àwọn ọmọ pé ọ̀nà tó ń dábùú á falẹ̀. Wọn ò jẹ̀bi láti bẹ̀rù, torí òbítíbitì ọ̀nà tí àgbà ti là fún ọmọdé ni kò dùn ún gùn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń lé omi kúrò lójú ọ̀nà ló tún ń mú kí ó dùn. Ní gbogbo ìwọ̀n mítà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a jẹ́ kí ọ̀nà gòkè díẹ̀ kó tó tún sọ̀kalẹ̀. Omi tó bá dé kòtò kékeré yẹn kò lè gòkè, á ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kẹ̀kẹ́ ní tirẹ̀ á gòkè, ẹni tó bá mọ bí a ti ń fi apá àti ẹsẹ̀ tì í á tibẹ̀ rí eré láìyí pẹ́dà rárá. A jẹ́ kí etí ọ̀nà tó kọjú sí ìsàlẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti òkè lọ ní ìwọ̀n 5%. A ha ilẹ̀ dúdú tó kún fún ewé jíjẹrà kúrò títí a fi kan ilẹ̀ líle, torí ilẹ̀ dúdú á mu omi bí kànrìnkàn. Wẹ́wẹ́ síléètì tó ti dí gọ́tà mi la kó padà gòkè, tí a fi tẹ́ ibi tó rọ̀. Ní ti òkìtì ìfò, òfin kan ṣoṣo ni mo fi lélẹ̀: kò sí igi nínú. Àwọn ti àtijọ́ jẹ́ ìtì igi tí wọ́n da erùpẹ̀ bò. Igi náà á jẹrà láàárín ọdún díẹ̀, òkìtì á sì jìn lábẹ́ ẹni tó ń gùn ún.

Ìwé àṣẹ ló pẹ́ jù. Àgbẹ̀ tó ni apá òkè kì í ṣe ènìyàn búburú. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó rò pé bí òun bá fọwọ́ sí i, tí ọmọ kan sì ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, òun ni yóò san án. Òfin méjì ló jẹ mọ́ ọn, ti 1957 fún ẹni tí onílẹ̀ gbà láyè àti ti 1984 fún ẹni tó wọlé láìgbàṣẹ. Lọ́yà rẹ̀ ló là á yé e pé àìfọwọ́sí kò fi bẹ́ẹ̀ dáàbò bò ó bó ṣe rò, nígbà tó ti mọ̀ pé òkìtì eléwu wà lórí ilẹ̀ òun tí ọmọdé sì ń gùn ún. Òfin náà sì mọ̀ pé ẹni tó bá fínnúfíndọ̀ gba ewu eré kan lè má rí ẹlòmíràn dá lẹ́bi. Ohun tó wá tù ú nínú ni pé ẹgbẹ́ kan dá sílẹ̀ tó ní ìwé ìbánigbófò, àti ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ẹnìkan ń kọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: ọjọ́, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tó rí, ohun tó ṣe. Èmi yóò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìwé pélébé yẹn ṣiṣẹ́ ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí a sọ fún un lọ.

A ṣi iṣẹ́ ṣe níbi méjì, èmi ni mo sì jẹ̀bi èkíní. Igun kẹrin, níbi tí a gbé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sókè kí kẹ̀kẹ́ lè yí láìfalẹ̀, mo jẹ́ kí omi máa gba inú igun náà kọjá dípò kí n ti dá a sọ nù kó tó dé ibẹ̀. Adágún ló di nígbà òtútù àkọ́kọ́, ògiri amọ̀ náà sì rọ̀, ó wó. Ìkejì ni pé a ṣí ọ̀nà ọ̀hún lóṣù Kẹwàá, torí ara gbogbo ènìyàn ti wà lọ́nà. Ilẹ̀ tuntun nílò àkókò láti jókòó. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ojú táyà ti wọ inú rẹ̀. A tì í títí di oṣù Kẹrin. Ó dùn mí fún àwọn ọmọ, àtẹ́lẹwọ́ wọn ṣì ní àpá ṣọ́bìrì.

Títi ọ̀nà àtijọ́ pa le ju lílà tuntun lọ. A kó ẹ̀ka igi dí i, ẹnìkan kó o kúrò. A tún kó o. Nígbà tí ọ̀nà tuntun ṣí dáadáa tó sì dùn, kíkó rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Ìgbà náà la wá rí àyè fi dígà tú ilẹ̀ tó ti gan, kí irúgbìn lè rí ibi wọ̀, tí a sì to igi dábùú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ti ọ̀nà kan pa láìsí òmíràn tó sàn jù ú lọ nítòsí, ẹ óò máa kó ẹ̀ka igi títí.

Lẹ́yìn ọdún méjì, Phytophthora ramorum, àrùn kan tó ń pa igi, tí wọ́n kọ́kọ́ rí lára igi larch ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2009, dé orí òkè wa. Àṣẹ jáde pé kí àgbẹ̀ gé àwọn larch rẹ̀. Ẹ̀rọ agégi tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, omi tí igi ti ń mu tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá bá wa láti ibi tí a kò fojú sí. A ní láti fi kòtò ìyà-omi méjì kún un lókè pátápátá, lókè ibi tí kẹ̀kẹ́ kankan ń dé. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé kí a tó fi àsíá sàmì sí ọ̀nà kankan, ó yẹ kí a bi onílẹ̀ léèrè igi tó fẹ́ gé láàárín ọdún márùn-ún sí i. A tún gbé ẹ̀rọ omi àti búrọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ọ̀nà, kí olúkúlùkù lè fọ táyà àti bàtà kó tó lọ, torí ẹrẹ̀ lè gbé àrùn náà láti igbó kan dé òmíràn.

Ọmọbìnrin yẹn ti kúrò nílé báyìí, ó ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú igbó. Ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ náà wà lọ́wọ́ ọmọ ọdún 14 kan tí kò tíì mọ bí wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n tó mọ omi. Lóṣù Kejìlá tó kọjá, èmi àti ẹnìkejì mi ṣí ìdérí gọ́tà náà. Ewé ló wà nínú rẹ̀, àti ẹrẹ̀ pupa tó tó ẹ̀kúnwọ́ kan. Mo fi fóònù ya á, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Ó fèsì kí n tó pa ìdérí náà dé: igun kẹrin ni, òun ti fi àsíá sí i láti ọjọ́ Sátidé.